Ọjọ́ Tí A Fẹ́ Jó Àwòṣe

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dáná sun iṣẹ́ ọwọ́ mi, dàńṣíkí tuntun ni mo wọ̀. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ní ilé iṣẹ́ wa ní Ìdànrè, ọjọ́ tí àwòṣe bá jóná ni ọjọ́ ọlá gbẹ́nàgbẹ́nà. Ní gbogbo ọjọ́ yòókù, ẹni tó ń lu páànù ni wọ́n ń kí. Èmi Akínmúrele tí mo gbẹ́ àwòṣe, igi tí wọ́n ń lu páànù ọkọ̀ lé lórí, ẹni tó bá rántí mi á ní kí n bá òun gbé àga wá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìjóná, àwòṣe mi ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé síta. Òṣìṣẹ́ Ilé Àìlẹ́gbẹ́ á yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta, á béèrè pé ta ló gbẹ́ ẹ. Èmi náà á na ọrùn síwájú, màá ní, "Èmi ni, sà." Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó ṣáná sí i.

Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù tí ọkọ̀ pẹ̀lẹ́ méjì fi gun òkè wá. Èyí àkọ́kọ́ bọ́ sínú kòtò ẹnu ọ̀nà wa, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Èkejì náà bọ́ sí i, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ìdí tí a fi ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Wọn ò ní awakọ̀, wọn ò ní sítíárìn, gbogbo wọn rí roboto bákan náà, wọ́n sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ènìyàn láti Àkúrẹ́ títí dé Òkìtìpupa. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ wa ọkọ̀ láyé ìsinsìnyí, àfi kí ó ní èyí tí kò ní ẹgbẹ́ níbikíbi, tí Ilé Àìlẹ́gbẹ́ ti ìjọba ti fi òǹtẹ̀ lù. Kí wọ́n tó fi òǹtẹ̀ lù ú, ohun tí a wò tí a fi ṣe é gbọ́dọ̀ ti di eérú, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣe irú rẹ̀ mọ́.

Inú pẹ̀lẹ́ kìíní ni Ọ̀gbẹ́ni Okùnadé ti sọ̀ kalẹ̀, òṣìṣẹ́ Ilé Àìlẹ́gbẹ́, ọkùnrin gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àpótí ẹ̀rọ ìwọ̀n wà lábíyá rẹ̀. Nínú èkejì ni Olóyè Fadérera ti jáde, ìyá àádọ́rin ọdún ó lé, ẹni tó ni ọkọ̀ tí a ṣe. Òun náà ló ni gbogbo pẹ̀lẹ́ tó wà ní ìpínlẹ̀ yìí. Ẹ wá wo ayé! Obìnrin tó gba sítíárìn lọ́wọ́ gbogbo wa ló ń wá èyí tí òun fúnra rẹ̀ máa dì mú.

"Akin, ṣé dáadáa lo wà?" Olóyè ní. "O mà wọṣọ o. Ọ̀gá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà nínú ilé, Mà. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń nu ibi tí kò dọ̀tí."

Adétutù ni ọ̀gá mi ń jẹ́, òun ló ń lu páànù. Mo fi ọdún méje jù ú lọ, ojú mi ló sì ṣe wọ ilé iṣẹ́ yìí ní ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn, tó ń gbé omi fún àwọn tó ń lu páànù. Nítorí náà, lójú àlejò, "Ọ̀gá, ẹ" ni. Bó bá ku àwa méjì, "Tutù, ìwọ" ni. Òun ní tirẹ̀ kò yí padà, Bọ̀dá Akin ni mò ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀ níbi gbogbo.

A wọlé. Adétutù kí wọn tán, ó di etí aṣọ mú, ó fà á kúrò lórí ọkọ̀.

Ní oṣù méjìdínlógún sẹ́yìn, Olóyè jókòó síwájú wa, ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, òun dúró nísàlẹ̀ òkè yìí lẹ́yìn òjò ńlá kan. Oòrùn ti yọ, ṣùgbọ́n omi ṣì ń ṣàn lára àpáta, ó ń dán. "Mo fẹ́ ọkọ̀ tó ń ṣàn nígbà tó bá dúró," ó ní. Mo rántí pé mo gbọ́ ọ, mo sì sọ nínú ara mi pé olówó kì í mọ ohun tó ń bẹ̀ wá. Ó wá wà níwájú wa wàyí. Adétutù kò jẹ́ kí wọ́n kùn ún, páànù lásán ni, ó ń dán bí omi. Fẹ́ńdà, páànù tó bo táyà, gbéra níwájú, ó ga díẹ̀, ó dẹ̀ nígbà tó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó wá rọra gbéra lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó lọ sẹ́yìn. Bí o bá ń wá ibi tí páànù kan ti pàdé èkejì, ó máa rẹ̀ ọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i, síbẹ̀ mo la ẹnu sílẹ̀ bí àlejò.

Olóyè bọ́ bàtà rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kó bọ́ ọ. Ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn yí ọkọ̀ náà ká, kò fọwọ́ kàn án.

Ọ̀gbẹ́ni Okùnadé ṣí àpótí. Ẹ̀rọ ìwọ̀n kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó rá jáde, ó gun bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń ka páànù láti ibì kan dé ibòmíràn bí kòkòrò tó ń wá oúnjẹ. Nígbà tó kà á tán, ó fi ohùn obìnrin tó ń ka ìròyìn sọ pé, "Kò sí èyí tó jọ ọ́ nínú àkọsílẹ̀."

A pàtẹ́wọ́. Ó wá kan èmi. Mo ti gbé àwòṣe mi sí ojúde, mo ti nù ún, mo tún aṣọ mi ṣe. Ẹ̀rọ náà rá gun igi, kò pẹ́ rárá tó fi dúró.

"Àwòṣe ọkọ̀ yìí kọ́," ó ní. "Ìyàtọ̀, ìka mẹ́ta."

Mo kọ́kọ́ rò pé orí ẹ̀rọ ti dàrú. "Sà, ẹ tún un wò," mo ní. "Èmi tí mo gbẹ́ ẹ rèé. Oṣù mẹ́ta gbáko!"

Wọ́n tún un wò. Ìka mẹ́ta náà ni. Mo bojú wo Adétutù, kó bá mi sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Mi ò lò ó, Bọ̀dá Akin," ó ní.

"Ẹ ò lo kí ni?"

"Àwòṣe yín. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo lò ó. Igi ń sọ ọ̀tọ̀, páànù ń sọ ọ̀tọ̀. Mo bá fi tápólì bo igi, mo tẹ̀lé páànù."

"Ẹ ò sì sọ fún mi? Láti ìgbà yẹn?"

"Ẹ ti lo oṣù mẹ́ta lórí rẹ̀. Ẹ tún jù mí lọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wá bá yín lábẹ́ àtíbàbà yín pé iṣẹ́ yín ò bá ọkọ̀ mu? Mo ní kí n má dójú tì yín. Mo ní bó bá ti jóná, ta ló máa mọ̀?"

Mi ò lè purọ́, ó dùn mí wọra. Ojú tì mí níwájú àlejò, nínú dàńṣíkí tuntun. Ṣùgbọ́n ìtìjú tèmi ni ọ̀rọ̀ tó kéré jù níbẹ̀, àfi pé mi ò tíì mọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Okùnadé yíjú sí Adétutù. "Mà, àwòṣe tí ẹ fi ṣe ọkọ̀ yìí gan-an ńkọ́? Níbo ló wà?"

Adétutù gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè. Ọmọbìnrin tí mo mọ̀ kò mọ irọ́ pa rí, kò sì mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dákẹ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni Okùnadé kò wo ìwé kankan, ó ti mọ òfin sórí. "Níbi tí àwòṣe bá wà nínú ọwọ́," ó ní, "ọwọ́ ni àwòṣe."

"Ṣé ẹ máa jó ọwọ́ wọn ni?" Èmi ni mo béèrè, mo sì ti ń wá ohun tí màá fi lù ú.

"Rárá o, Bàbá. A máa dè é." Ó yọ ẹ̀gbà ọwọ́ méjì láti ìsàlẹ̀ àpótí, irin tín-ín-rín ni wọ́n, wọ́n ṣì wà nínú ọ̀rá. "Ẹni tí a bá fi èyí sí lọ́wọ́, ọjọ́ tó bá tún gbé òòlù, ẹ̀gbà á ké, a ó sì dé. Kò sí yíyọ títí ayé. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń gbé e kiri, mi ò tíì lò ó rí." Ó rọra gbé wọn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n òfin fi àyè kan sílẹ̀. Kí wọ́n lu fẹ́ńdà iwájú apá òsì lẹ́ẹ̀kejì níwájú mi, kí wọ́n má wo ti àkọ́kọ́, kí wọ́n má fi ohunkóhun wọ̀n ọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta. Bí méjèèjì bá fi ju ìnípọn fọ́nrán irun kan yàtọ̀ síra, ọwọ́ kì í ṣe àwòṣe nìyẹn, wọ́n bọ́. Bí wọ́n bá jẹ́ ọ̀kan náà…"

Kò parí rẹ̀. Èmi ní tèmi, ọkàn mi ti balẹ̀. Ìnípọn irun kan! Ta ni kò lè ba nǹkan jẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Iṣẹ́ ṣíṣe la ń kọ́, kò sẹ́ni tó ń kọ́ bíba nǹkan jẹ́.

Olóyè pe àwa méjèèjì sí abẹ́ igi àgbálùmọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé. Kò tíì wọ bàtà rẹ̀ padà.

"Adétutù, ọmọ mi, gbọ́," ó ní. "Èmi wà lára àwọn tó bẹ ìjọba pé kí wọ́n ṣe òfin yìí. Ẹ̀rù ń bà wá kí a má lọ ra nǹkan lónìí, kí aládùúgbò wa ra ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́la. Igi àwòṣe là ń rò. A ò ro ọwọ́ ènìyàn mọ́ ọn. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, yẹ òòlù díẹ̀. Ọkọ̀ mi máa jáde bó ti wù kó rí, ìwọ ni mò ń rò."

"Ẹ ṣé, Mà," Adétutù ní.

Nígbà tí Olóyè lọ tán, mo dojú kọ ọ́. "Tutù, o gbọ́ ohun tí ìyá wí?"

"Mo gbọ́, Bọ̀dá Akin."

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Fẹ́ńdà ni mo fẹ́ lù."

"Èwo? Èyí tó bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba, àbí èyí tó máa jẹ́ kí o rí oúnjẹ jẹ lọ́dún tó ń bọ̀?"

Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi. "Ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan fún yín. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń bi ara mi bóyá ọwọ́ mi mọ ohun tó ń ṣe, tàbí ó kàn ń bọ́ sí i ni. Ẹ̀yin èèyàn á ní, 'Adétutù, ó dára!' Èmi ò mọ̀. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo ń ṣe, mi ò gbọdọ̀ tún un ṣe, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Kò sẹ́ni tó bi ọwọ́ mi léèrè rí. Ìjọba ló wá bi í lónìí. Ẹ wá ní kí n jẹ́ kó parọ́?"

"Bó bá sọ òtítọ́, wọ́n á dè é."

"Mo gbọ́." Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ẹ̀rù ń bà mí, Bọ̀dá Akin. Ẹ má rò pé kò bà mí. Mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn."

Mo ṣì ń retí pé á gba ọ̀nà mìíràn lọ́la.

Ní ilé iṣẹ́ wa, a kì í lu páànù tí a kò tíì bá sọ̀rọ̀. Ọ̀gá àgbà tó kọ́ gbogbo wọn níṣẹ́ ló fi í lélẹ̀: kí o gbé ọwọ́ lé e, kí o sọ fún un ohun tó máa dà, kí o tó mú òòlù. Ohun tí o bá pè é ni o gbọ́dọ̀ sọ ọ́ dà. Ẹni tó pe páànù ní ilẹ̀kùn tó wá fi ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀ ló máa gbá fún ọ̀sẹ̀ kan, kódà kó jẹ́ ọ̀gá. Nítorí náà ni mo ṣe dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tí mo na etí. Wọ́n ti ti ọkọ̀ mọ́ yàrá, Ọ̀gbẹ́ni Okùnadé jókòó sórí àpótí pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Mo ń gbàdúrà pé kó kàn sọ pé "fẹ́ńdà ni ọ́." Fẹ́ńdà pọ̀ láyé, èyíkéyìí ló lè jẹ́.

Adétutù tẹ́ páànù sórí àpò yanrìn. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e.

"Fẹ́ńdà iwájú apá òsì ni ọ́," ó ní, "ti ọkọ̀ Olóyè Fadérera. Ìkejì rẹ ti wà nílé ṣáájú rẹ. Lọ bá a."

Mo mọ̀ pé ó ti parí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe lù ú, nítorí mi ò ní rí irú rẹ̀ mọ́ láyé mi. Ó fi òòlù igi bẹ̀rẹ̀, ó ń lu àárín kí etí lè gbéra, ìró rẹ̀ wà ní ìwọ̀n kan náà bí obìnrin tó ń gún iyán tí kò kánjú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní nínú ọjọ́ mẹ́ta náà, ohun tó wà lórí àpò yanrìn dà bí abọ́ tí màlúù tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí o kò bá mọ iṣẹ́, o máa káàánú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ó mú òòlù irin kékeré, ó gbé irin mìíràn sábẹ́ páànù kí ó lè gba òòlù sẹ́yìn, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀nà omi jáde láti inú abọ́ yẹn. Ó fi omi ọṣẹ pa àtẹ́lẹwọ́, ó ń fi í tọ́ páànù láti òkè délẹ̀. Ibi tí àtẹ́lẹwọ́ bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ ló máa lù. Ẹ̀ẹ̀kan. Á tún fi ọwọ́ tọ́ ọ. Ìgbà tó yá, kò lajú mọ́ rárá.

Mo ti ń gbẹ́ igi láti ọmọ ogún ọdún. Mo máa ń rò pé èmi ni mo ń ronú, pé ẹni tó ń lu páànù kàn ń tẹ̀lé mi. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé igi mi ti ń fa ọmọ yìí sẹ́yìn láti ọjọ́ tó pẹ́. Kò bí mi nínú mọ́. Orí mi wú, bí ẹni pé èmi ni mo bí i.

Ọ̀gbẹ́ni Okùnadé náà ti pa ìwé dé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ìrẹsì tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ láti àárọ̀ ti gan. Adétutù fi ọwọ́ tọ́ fẹ́ńdà náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ọwọ́ kò kọsẹ̀. Ó gbé òòlù sílẹ̀.

"Mo ti ṣe tán, sà."

Wọ́n ṣí yàrá. Wọ́n gbé fẹ́ńdà tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Olóyè ti padà dé, ó dì mí lọ́wọ́ mú láìmọ̀. Ẹ̀rọ ìwọ̀n ka ti àkọ́kọ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ka èkejì. Ó padà sí ti àkọ́kọ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó tún wá sí èkejì.

"Ọ̀kan náà," ó ní. "Ìyàtọ̀, kò sí."

Olóyè bú sẹ́kún. Èmi náà ò mọ ìgbà tí mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò mi. Bí a bá ń sunkún, à á sì máa ríran: mo gbójú sókè, Adétutù ń rẹ́rìn-ín. Omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì na ìka sí mi.

"Bọ̀dá Akin, ẹ gbọ́? Ó mọ̀ ọ́n! Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n!"

"Mo gbọ́, Tutù," mo ní lójú gbogbo wọn. "Mo gbọ́."

Òun fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ sí Ọ̀gbẹ́ni Okùnadé. Ọkùnrin náà yọ ẹ̀gbà nínú ọ̀rá, ṣùgbọ́n kò lè dè é. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ yí i sápá ọ̀tún, sà," Adétutù ní jẹ́jẹ́, "ẹnu rẹ̀ ló wọ́ díẹ̀." Ó yí i, ó sì dì. Nígbà tó de èkejì tán, ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dè lọ́wọ́. Ó dìde, ó gbọn eruku nù, ó sì ní kí wọ́n rún fẹ́ńdà kejì bí òfin ti wí. Olóyè wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wà á sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. A dúró títí a kò fi gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́.

N kò sùn dáadáa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kí n lọ kó irinṣẹ́ mi, nítorí ilé iṣẹ́ wo ló tún kù? Mo bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Adétutù dúró sídìí àpò yanrìn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́yìn, páànù tuntun wà níwájú rẹ̀.

"Ẹ ti pẹ́ dé," ó ní. "Ẹ gbé òòlù."

"Èmi? Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí, Tutù."

"Mo mọ̀. Ẹ gbé e."

"Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí o!"

"Ọwọ́ ni wọ́n dè, Bọ̀dá Akin. Mo ti ka òfin náà láti òru, wọn ò mẹ́nu ba ẹnu. Ẹ gbé òòlù."

Mo gbé e. Mo lù ú.

"Ibẹ̀ kọ́."

Mo tún lù ú.

"Ibẹ̀ kọ́ náà. Ṣé ẹ ń bá a jà ni?"

Bí a ṣe wà nìyẹn títí oòrùn fi kan àtàrí. Ó sọ̀rọ̀ sí mi bí wọn kò ṣe sọ̀rọ̀ sí mi rí láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Mo bú òfin, mo bú Olóyè, mo bú òun náà. Lẹ́yìn náà mo lu ibì kan. Mo dúró kó bú mi. Mo bojú wò ó, ó ti di ojú, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń gbọ́.

"Ẹ tún ibẹ̀ lù," ó ní.